Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ̀gà Gé Kúrú

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀gà ṣì ń wo ojú ọ̀run, tí ẹ̀gà kan kì í lanu títí èkejì rẹ̀ yóò fi pa ẹnu dé, ìlú ẹyẹ kan wà ní etí odò Pẹ̀lẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ gbà mí gbọ́. Ẹ̀gà tí a mọ̀ yìí kẹ̀? Ẹ̀gà tó jẹ́ pé bí ogójì wọn bá bà lé orí ọ̀pẹ, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò ní gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ? Àwọn náà ni. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn mọ́ gaara débi pé ìgbín tó wà lábẹ́ ewé ń gbọ́ ọ, ó sì ń mi orí.

Àwòdì ló ń jọba ìlú náà tẹ́lẹ̀. Kò ní òfin púpọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ní: nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan lọ́dún jẹ́ tirẹ̀. Ó máa ń wá láàárọ̀, ó máa ń mú èyí tó wù ú, ó sì máa ń bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ìyá ẹyẹ a sunkún títí ojú wọn a fi wú.

Ẹ̀gà kan wà tí wọ́n ń pè ní Apáwúrà, nítorí pé ìyẹ́ rẹ̀ ń dán bí ohun ọ̀ṣọ́. Òun ló pe àwọn ẹ̀gà yòókù jọ. Ó ní, "Ẹ̀gà kan kò lè dojú kọ Àwòdì. Ṣùgbọ́n igba ẹ̀gà ńkọ́?" Wọ́n bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n pè é ní Ẹgbẹ́ Ahunlé, torí pé nínú gbogbo ẹyẹ ìlú náà, àwọn nìkan ló mọ bí a ṣe ń fi koríko hun ilé.

Lọ́jọ́ tí Àwòdì tún dé, Apáwúrà fò sókè, ó ké pé, "Ti ìlú!" Gbogbo ẹyẹ tó gbọ́ igbe náà ló jáde. Wọ́n fi ẹnu sọ Àwòdì lórí, wọ́n fa ìyẹ́ ìdí rẹ̀ tu, wọ́n lé e kọjá odò. Apáwúrà ló kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́, Àwòdì sì fi èékánná ya apá òsì rẹ̀. Ìyẹ́ kan já níbẹ̀ tí kò tún hù mọ́ títí ayé.

Ìlú ní, "Ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ Ahunlé, ẹ̀yin ni kí ẹ máa ṣe ìjọba wa." Apáwúrà dúró sórí ọ̀pẹ ńlá tó wà láàárín ìlú, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà ní apá rẹ̀, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́. Ó ní bí òjò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹgbẹ́ yóò kọ́kọ́ hun ilé fún gbogbo ẹyẹ tí kò mọ ilé hun, kí àwọn tó hun tiwọn. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní fa imọ̀ ọ̀pẹ náà ya, torí òun ló ń bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀ lójú Àwòdì. Ní òdìkejì odò ni wọn yóò ti máa já koríko. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ di gbólóhùn kan kí ọmọdé lè rántí: "Ti ìlú, kó tó kan tiwa."

Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan kan ẹnu, Apáwúrà a ké pé, "Ti ìlú!" Ẹgbẹ́ a sì dáhùn, "Kó tó kan tiwa!" Bí ewu bá sì dé, igbe kan náà ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ "Ti ìlú!" gbọ́dọ̀ tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ dànù kó sáré wá.

Ọdún náà gan-an ni ọmọ ẹ̀gà kan tó ń jẹ́ Abẹ́rẹ́ jáde látinú ẹyin. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni Apáwúrà. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín ló jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu nìkan. Ìbéèrè rẹ̀ a máa gún ni. Bí wọ́n bá ní oòrùn yọ, yóò béèrè ibi tó sùn sí. Àwọn àgbà kan a máa sá fún un, ṣùgbọ́n Apáwúrà a rẹ́rìn-ín, a ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà."

Ẹ̀gbẹ́ Apáwúrà ló ti kọ́ iṣẹ́ ilé híhun, orí ilé Ìyá Àdàbà ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àdàbà sanra, ó níwà tútù, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ta kókó rárá. Ó máa ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, a ní, "Èyí tí Ọlọ́run fún mi, ìrìn nìkan ló gbọ́." Ilé tí wọ́n hun fún un lọ́dún náà le dáadáa, ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì yè. Inú Abẹ́rẹ́ dùn débi pé ó ṣèlérí.

Ó ní, "Ìyá Àdàbà, lọ́dún tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni n ó hun ún fún yín."

Ìyá Àdàbà ní, "Ọmọ mi, wàá dàgbà, wàá dọ̀gá."

Ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ kéré gan-an, ẹ̀yin ọmọ. Mo máa ń ronú pé bí mo bá wà níbẹ̀, èmi náà ì bá má rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gà mẹ́ta pẹ́ dé sí ìpàdé, ọkà bàbà sì kún ẹnu wọn. Ẹ rántí pé wọn kì í jẹun kí wọ́n tó dáhùn. Apáwúrà ké, "Ti ìlú!" Àwọn yòókù dáhùn. Àwọn mẹ́ta yìí kò lè pe gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọkà lẹ́nu, wọ́n bá dúró de ìparí, wọ́n sì bá wọn pe, "Tiwa!"

Ẹ̀yìn wọn ni Abẹ́rẹ́ wà. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ kò pe ìyókù?"

Ọ̀kan nínú wọn gbé ọkà mì kó tó dáhùn. Ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé 'tiwa' kò sí nínú rẹ̀ ni?"

Ó wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ìdajì ẹgbẹ́ fi ń pe "tiwa" nìkan, ọkà lẹ́nu gbogbo wọn. Nígbà tó yá, Apáwúrà náà dé ìpàdé pẹ̀lú ọkà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó la ẹnu láti ké "Ti ìlú," ọkà há a lọ́fun, ó wúkọ́. Ẹgbẹ́ kò tilẹ̀ dúró dè é. Wọ́n hó, "Tiwa!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, kò sí ẹni tó ké "Ti ìlú" mọ́.

Abẹ́rẹ́ lọ bá a. "Bàbá, ṣé a ti pa ti ìṣáájú tì ni?"

Apáwúrà ní, "Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, ọmọ mi. Gbogbo wa la ṣáà mọ ìyókù."

Ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n? Ohun tí Abẹ́rẹ́ ń rò nìyẹn bó ti ń fò lọ.

Nígbà tí òjò ọdún kejì kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹgbẹ́ kò hun ti ìlú kí wọ́n tó hun tiwọn. Wọ́n ní kí àwọn tètè fi tiwọn kúrò lọ́nà ná. Ẹni tó hun ọ̀kan tán rí i pé ẹnìkejì ń hun ìkejì, òun náà bá tún bẹ̀rẹ̀. Òdìkejì odò wá jìnnà jù lójú wọn. Ẹnìkan fa fọ́nrán kan ya lára imọ̀ ọ̀pẹ. Ó ní ẹyọ kan ṣoṣo ni. Nígbà tí igba ẹ̀gà bá fa ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀.

Lékeléke ló máa ń fò kọjá lókè ìlú, àtòkè ló sì ti ń rí inú ilé gbogbo, torí pé ẹnu ọ̀nà wọn ń wo ojú ọ̀run. Ó kígbe lọ́jọ́ kan pé, "Haà! Apáwúrà, ilé mẹ́ta! Òwú àràbà tí a ní kí ẹ pín fún àwọn abiyamọ, inú rẹ̀ ló wà yìí o!"

Lọ́jọ́ kejì, Apáwúrà dojú ilé rẹ̀ dé, ẹnu ọ̀nà wá ń wo ilẹ̀. Ó ní nítorí òjò ni. Òjò kò tíì rọ̀ o. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹ̀gà ló ti ń sá fún òjò tí kò tíì rọ̀, ilé gbogbo wọn ti dojú dé.

Abẹ́rẹ́ béèrè pé, "Bàbá, ṣé àwọn ọmọ kò ní já bọ́?"

"Wọn yóò kọ́ bí a ṣe ń di nǹkan mú," ni Apáwúrà wí.

Àwọn ará ìlú kì í ṣe òmùgọ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹgbẹ́ ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, àwọn náà gé orúkọ ẹgbẹ́ kúrú. Wọn kò pè é ní Ẹgbẹ́ Ahunlé mọ́. Ẹgbẹ́ Ahun ni wọ́n ń pè é, wọn a sì fi apá bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kan ni Ìyá Àdàbà wá bá Abẹ́rẹ́. Ẹ̀fúùfù ti gbé ilé rẹ̀ àtijọ́ lọ, ikùn rẹ̀ sì ti wúwo.

Ó ní, "Abẹ́rẹ́ ọmọ mi, ẹyin yìí kò ní pẹ́ mọ́. Mo ti lọ síbi ìpàdé yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́la. Ọ̀la yín ti ń pọ̀ jù."

Ojú ti Abẹ́rẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. N ó bá Bàbá sọ̀rọ̀ nísinsìnyí."

Ó bá Apáwúrà lórí ilé kẹrin. Ó kúnlẹ̀ kí i. "Bàbá, ilé Ìyá Àdàbà ni mo bá wá. A ti ṣèlérí fún wọn."

"A ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ pẹpẹ, ibi pẹpẹ ni yóò ti jẹ. Ṣé ìwọ kò rí apá mi yìí ni?" Ó na apá òsì, ibi tí ìyẹ́ kò ti hù. "Ta ló ya á? Nítorí ta ni?"

"Àwòdì ni, Bàbá. Nítorí ìlú ni."

"Ó dára bí o ti mọ̀. Jẹ́ kí ìlú náà dúró díẹ̀ dè mí."

Abẹ́rẹ́ wo ìyẹ́ tó já náà. Ó fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré, ó sì máa ń fi ẹnu kàn án jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ náà ó ṣe é bíi pé ìyẹ́ náà ti di ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń wọ ibi tí kò yẹ.

Ó ní, "Ìbéèrè kan ló kù, Bàbá. Nínú 'tiwa' tí à ń pè láràárọ̀, ta ni 'àwa'?"

Apáwúrà yíjú sí ilé tó ń hun. Ó ní, "Lọ jẹun."

Ọ̀rọ̀ kò tán nínú Abẹ́rẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó bá ń lọ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ó ń béèrè ìbéèrè kan náà. Ẹ̀gà tó wà ní ìsàlẹ̀ ní, "Àwa ọmọ ẹgbẹ́ ni." Èyí tó wà láàárín ní, "Àwa tó wà lórí ẹ̀ka yìí ni o, kì í ṣe àwọn ti ìsàlẹ̀ yẹn." Èyí tó wà lókè pátápátá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra ní, "Èmi àti ìyàwó mi ni." Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ṣé o ka èmi náà mọ́ ọn ṣá?"

Abẹ́rẹ́ padà sọ́dọ̀ Ìyá Àdàbà, ó bi òun náà léèrè.

Ìyá Àdàbà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé èmi náà wà nínú rẹ̀ ni."

Abẹ́rẹ́ kò tún béèrè nǹkan kan. Ó fò kọjá odò lóun nìkan, ó ń ṣa igi wẹ́wẹ́ bọ̀ láti fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé. Ó to igi kan, ó fi òmíràn dábùú rẹ̀, bí Apáwúrà ti kọ́ ọ. Ọjọ́ kejì ló fẹ́ já koríko tí yóò fi hun ún. Ṣùgbọ́n ẹyin kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Ìyá Àdàbà ti yé méjì sórí igi wẹ́wẹ́ náà, ó sì jókòó lé wọn, kò lè mira, torí bó bá dìde, wọn yóò yí bọ́ sílẹ̀.

Láàárọ̀, ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pe Abẹ́rẹ́.

Apáwúrà ní, "A gbọ́ pé o ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ta ló rán ọ?"

Abẹ́rẹ́ kò sá; kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ rán mi, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ní ti ìlú kó tó…"

"Tiwa!" ni ẹ̀gà kan hó látẹ̀yìn.

"Ti ìlú kó tó kan…"

"Tiwa! Tiwa!" Gbogbo wọn gbà á lẹ́nu ara wọn, ẹnu kan kò dúró de ẹnu kejì mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹ̀gà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìfi ohùn ṣọ̀kan. Ìgbín tó wà lábẹ́ ewé wọ inú ìkarahun rẹ̀ lọ.

Nínú ariwo yẹn ni òjìji ńlá kan kọjá lórí wọn. Àwòdì ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé e ló ti ń fò kọjá lókèèrè láìrí nǹkan kan àfi imọ̀ ọ̀pẹ tútù. Lọ́jọ́ náà, imọ̀ ti ya tán, ọ̀pẹ dúró níhòòhò, gbogbo ilé sì ń fì dirodiro níbi tí afọ́jú pàápàá ti lè rí wọn.

Ó bà lé ilé Apáwúrà, ó sì mì ín. Ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà, ọmọ ọjọ́ mẹ́ta. Kò tíì kọ́ bí a ṣe ń di nǹkan mú. Ó gba ẹnu ọ̀nà tó ń wo ilẹ̀ já bọ́, Àwòdì sì hán an lófuurufú.

Apáwúrà fò sókè. Ojú kan náà tó fi kojú Àwòdì nígbà àkọ́kọ́ ló tún gbé wọ̀, mo sì gbà pé ọkàn rẹ̀ padà dé lójú ẹsẹ̀ yẹn. Ó la ẹnu láti ké igbe tí gbogbo ìlú ń dáhùn. Ohun tó jáde ni, "Tiwa!" Ó tún gbìyànjú. "Tiwa! Tiwa!" Ẹgbẹ́ bá a ké e.

Lékeléke gbọ́ láti etí odò. Ó ní fún àwọn ẹyẹ yòókù pé, "Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n ní tiwọn ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé tiwọn." Kò sí ẹni tó dìde.

Abẹ́rẹ́ nìkan ló ń ké, "Ti ìlú! Ti ìlú o!" títí ohùn rẹ̀ fi há. Ariwo bò ó mọ́lẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló gbọ́ ọ, Ìyá Àdàbà, tó wà nítòsí. Ó gbé ara sókè láti lọ, ẹyin méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí igi. Ó padà jókòó. Bí ilé bá wà lábẹ́ rẹ̀ ni, ì bá lọ. Ó ń wò, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, títí Àwòdì fi gbé ọmọ náà kọjá odò.

Apáwúrà bà lé ẹ̀gbẹ́ Abẹ́rẹ́. Ìyẹ́ rẹ̀ kò dán mọ́.

Ó ní, "Abẹ́rẹ́, kí ni ọ̀rọ̀ tó máa ń ṣáájú 'tiwa'? Mo wá a lẹ́nu mi, n kò rí i."

Abẹ́rẹ́ sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀gà ló ń wá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara wọn lákòókò kan náà, ibi tí wọ́n sì mọ̀ nìkan ni wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí: "Tiwa… tiwa… tiwa…" Apáwúrà rí ẹnu tín-ín-rín náà tó ń mì. Kò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Láti ọjọ́ náà ni ilé ẹ̀gà ti ń dojú dé, tí ọ̀pẹ tí ẹ̀gà bá sì ń gbé kì í ní imọ̀ lórí mọ́. Láti ọjọ́ náà sì ni ẹ̀gà ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àwa ní ẹyẹ ń pariwo. Wọn kò pariwo o. Ìdajì gbólóhùn tó sọnù ni wọ́n ṣì ń wá.

Ẹyin Ìyá Àdàbà méjèèjì yè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wá parí ilé náà. Igi wẹ́wẹ́ tí Abẹ́rẹ́ tò ni gbogbo àdàbà ń yé sí títí dòní. Bí ẹ bá rí i, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ tẹ́tí sí i ni. Nígbàkígbà tí ẹ̀gà bá ń ké lókè ọ̀pẹ pé, "Tiwa! Tiwa!" àdàbà a gbé orí sókè níbi tó jókòó sí, a sì rọra dá wọn lóhùn pé, "Ó kù-ùn. Ó kù."